Mọ́tò ń dí wa mọ́lé o: ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí àwọn tó ń páàkì sẹ́nu gẹ́ètì onígẹ́ètì

Àbíkẹ́_Bàrígà:
Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀, látọjọ́ Tọ́sìdeè ló ti wà lọ́kàn mi tó ń dùn mí, mi ò sì mọ ẹni tí màá sọ ọ́ fún.

Bàrígà níbí la wà. Ilé tí à ń gbé, gẹ́ètì kan ṣoṣo ló ní, mọ́tò mẹ́ta ló máa ń sùn nínú kọ́ḿpáńdì. Ní Tọ́sìdeè yẹn, nǹkan bí aago kan àbọ̀ òru, èémí màámi bẹ̀rẹ̀ sí í fún. Wọ́n ní ikọ́ fée. Ẹni tó bá ti gbé pẹ̀lú ẹni tó ní i á mọ ohùn yẹn, bíi fèrè tó ti sán tí wọ́n ṣì ń fọn. Inhaler wọn ti tán, mo tẹ̀ ẹ́ tẹ̀ ẹ́, afẹ́fẹ́ lásán ló ń jáde. Bọ̀dá mi sáré lọ ṣáná sí mọ́tò, èmi lọ ṣí gẹ́ètì, kí n wo iwájú báyìí, Sienna aláwọ̀ eérú kan ló dúró gbagidi sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n gbé e sún mọ́ ọn débi pé gẹ́ètì gan-an ò lè ṣí tán.

Mo gbá gíláàsì ẹ̀, alámù bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ajá àdúgbò ń gbó, ẹnikẹ́ni ò jáde. A kan ilẹ̀kùn ilé mẹ́rin. Àwọn kan jí, wọ́n láwọn ò mọ ẹni tó ni ín. Kò sí nọ́ńbà fóònù kankan lára ẹ̀. Nígbà tó yá bọ̀dá mi pọn màámi sẹ́yìn bí ẹni pọn ọmọ, ìyá ẹni ọdún 71 o, a ń sáré lọ sí títì. Bàtà wọn ẹsẹ̀ òsì jábọ́ sínú gọ́tà, mi ò lè dúró mú un. Kẹ̀kẹ́ márúwá kan tó ń darí lọ sílé ló gbé wa dé ọsibítù. Dókítà ní ká máa dúpẹ́, pé tó bá tún fi ogún mínítì pẹ́ sí i, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀.

Wọ́n ti wà nílé báyìí, ara wọn ń yá. Ẹni tó ni Sienna wá gbé e lọ láàárọ̀, aago mẹ́fà kọjá díẹ̀. Ó ní òun wá sùn lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun ni. Ó ní "ẹ má bínú, mi ò mọ̀ pé mọ́tò wà nínú ilé yìí", ó sì wa mọ́tò ẹ̀ lọ.

Kì í sì í ṣòun nìkan. Mọ́tò mọ́kànlá ló sùn sójú títì wa lálẹ́ àná, mo jáde mo kà wọ́n. Méjì nínú wọn ti kú, Volvo kan wà níbẹ̀ tí koríko ti hù láàárín taya ẹ̀ tó gùn ju orúnkún mi lọ. Kí la fẹ́ ṣe? Ta la máa fẹjọ́ sùn?

Ọmọ_Súrùlérè:
Háà, àǹtí, ẹ kú ewu. Ẹ bá wa kí màámi. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́.

Èmi ò tiẹ̀ ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn kí n tó sọ ohun tí mo rò. Ìṣòro yìí ti wà nínú bí wọ́n ṣe kọ́ àdúgbò wa. Súrùlérè níbí, láyé àwọn bàbá wa, láti 1955 síwájú, nígbà tí wọ́n ń wó ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó tí wọ́n ń kó àwọn èèyàn wá sí New Lagos, apá kan Súrùlérè níbí, ta ló ní mọ́tò? Ẹni tó bá ní kẹ̀kẹ́ ológeere, ó ti ń ṣe dáadáa. Ilé tí wọ́n kọ́ fún ẹbí kan tí kò ní mọ́tò, ẹbí mẹ́rin ló wà níbẹ̀ báyìí, mọ́tò mẹ́fà. Títì ò fẹ̀ sí i, ẹ̀gbẹ́ títì ti di ṣọ́ọ̀bù.

Ìyẹn ò ní kí èèyàn wá dí ẹnu gẹ́ètì o. Ibi tí mo ń bá a lọ ni pé mọ́tò á máa sùn síta, kò sí bá a ṣe fẹ́ ṣe é. Ohun tí ò yẹ kó ṣẹlẹ̀ ni kéèyàn páàkì kó má fi nọ́ńbà ẹ̀ sílẹ̀. Ìwé kékeré lásán ni, nọ́ńbà mọ́kànlá, kó o fi sábẹ́ gíláàsì iwájú. Ká ní ìwé yẹn wà lára Sienna yẹn ni, mínítì márùn-ún ni ì bá gbà.

Bàbá_Láńdílọ́ọ̀dù:
Ọmọ mi Àbíkẹ́, mo kí màámi o. Ẹ kú ìtọ́jú.

Èmi jẹ́ alága CDA, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, fún ọdún mẹ́jọ, ọ̀rọ̀ mọ́tò yìí la fi jà jù nínú ìpàdé, ó ju ọ̀rọ̀ iná lọ, ó ju ọ̀rọ̀ owó ọlọ́dẹ lọ. Lọ́jọ́ kan ó sú mi, mo mú téèpù àwọn káfíńtà, mo wọn títì wa láti gọ́tà dé gọ́tà. Mítà 6. Mo wọn Camry ti ara mi, mítà 1.8 ni fífẹ̀ ẹ̀. Tí mọ́tò kan bá wà lápá ọ̀tún, tí òmíràn dojú kọ ọ́ lápá òsì, tí àwọn méjèèjì tiẹ̀ fara mọ́ gọ́tà gan-an, mítà 2.4 ló ṣẹ́ kù láàárín. Mọ́tò panápaná, bíi mítà 2.5 ló fẹ̀. Mo kọ ọ́ sórí pátákó ìpàdé, mo ní kí gbogbo wa wò ó. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn la fẹnu kò pé apá kan ni mọ́tò á máa dúró sí, apá kejì á ṣófo títí ilẹ̀ á fi mọ́. Apá ọ̀tún lóṣù yìí, apá òsì lóṣù tó ń bọ̀, kó má baà jẹ́ pé àwọn kan náà láá máa jìyà ẹ̀. Àwọn kan bínú. Ọ̀kan ní bàbá òun ló ni ilẹ̀ iwájú ilé òun títí dé àárín títì. Mo ní kó mú ìwé ẹ̀ wá. Kò mú un wá títí dòní.

Ayálégbé_Múṣin:
Ẹ káàárọ̀ bàbá, ẹ káàárọ̀ àǹtí, màámi á gbádùn lágbára Ọlọ́run.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹnì kan náà sọ̀rọ̀ fún àwa tí mọ́tò wa ń sùn síta, nítorí èèyàn máa ń rò pé ìwà burúkú ló ń dà wá láàmú. Ilé tí mo wà ní yàrá méjìlá. Àyè mọ́tò méjì ló wà nínú kọ́ḿpáńdì, láńdílọ́ọ̀dù ní ọ̀kan, ọmọ wọn ní ìkejì. Nígbà tí mo fẹ́ gba ilé, mo san owó ọdún kan, mo san àgírímẹ́ǹtì, mo san kọmíṣọ̀n, mo wá béèrè pé ibo ni mọ́tò mi máa sùn, ejẹ́ǹtì ní "àdúgbò yìí dáa, ẹ lè fi síta". Síta náà ni mo fi sí. Ọdún kìíní, wọ́n jí sáídì mírọ̀ méjèèjì. Ọdún kejì, wọ́n gbé bàtìrì. Èmi náà kì í sun oorun gidi, tí ajá bá gbó mo ti dìde lọ sójú wíńdò. Kò sẹ́ni tó ń fi mọ́tò sójú títì torí pé ó wù ú.

Ẹ tún rántí ọ̀rọ̀ epo. Kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ ní ìparí oṣù karùn-ún 2023, lítà kan ò tó igba náírà. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ó ti lé ní 480 ní Èkó níbí. Nígbà tó di 2024 ó kan ẹgbẹ̀rún. Mo ń gbé mọ́tò mi lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ tẹ́lẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni báyìí, nígbà míì ó di ọ̀sẹ̀ méjì. Bọ́ọ̀sì ni mò ń wọ̀. Mọ́tò tó yẹ kó kúrò níbẹ̀ láago mẹ́fà àárọ̀ kó padà dé láago mẹ́jọ alẹ́, ó ti wá di ohun tó ń gbé ojú títì. Ẹ lọ wo mọ́tò tí eruku bò ládùúgbò yín, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, epo ni ọ̀pọ̀ nínú wọn máa dárúkọ.

Mo gbà pé kéèyàn má dí ẹnu gẹ́ètì. Èmi ò dí i rí. Nọ́ńbà mi sì wà lára gíláàsì.

Àbíkẹ́_Bàrígà:
@Ayálégbé_Múṣin ẹ ṣé, ọ̀rọ̀ yín yé mi. Ẹni tó ń wá ibi tí mọ́tò ẹ̀ máa sùn yàtọ̀ sí ẹni tó rí gẹ́ètì tó sì dúró síwájú ẹ̀, mi ò bá àwọn àkọ́kọ́ jà.

@Ọmọ_Súrùlérè ọ̀rọ̀ nọ́ńbà yẹn, mo ti ń rò ó látàná. Bá a ṣe ń kan ilẹ̀kùn, ohun tí mo ń sọ nìyẹn, "ṣé ẹ ní nọ́ńbà ẹni tó ni ín?"

Ṣínà_Kétu:
Ẹ tú afẹ́fẹ́ taya ẹ̀ jọ̀ọ́. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò ní í páàkì síbẹ̀ mọ́ láyé.

Bàbá_Láńdílọ́ọ̀dù:
Ṣínà ọmọ mi, rárá o. Àkọ́kọ́, mọ́tò tí taya ẹ̀ ti lọ sílẹ̀, ṣé ó tún lè kúrò lẹ́nu gẹ́ètì? O ti fi kún ìyà ara ẹ nìyẹn. Ìkejì, àwọn ọmọ àdúgbò wa dán an wò ní 2019. Wọ́n tú taya méjì, ọ̀kan tún fi ìṣó fa ara ilẹ̀kùn. Ẹni tó ni mọ́tò gbé ọlọ́pàá wá. Àwọn ọmọ mẹ́ta sun àtìmọ́lé ní alẹ́ méjì, ìyá ọ̀kan nínú wọn ta ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀ láti fi tún mọ́tò yẹn kùn. Ẹni tó jẹ̀bi tẹ́lẹ̀ ló wá di ẹni tí à ń bẹ̀. Mo wà níbẹ̀, èmi ni mo lọ ṣe onídùúró wọn.

Ṣínà_Kétu:
Mo ti gbọ́ bàbá, ẹ má bínú sà. Inú ló bí mi, mo ka ọ̀rọ̀ ìyá yẹn, mo rántí ìyá tèmi.

Mẹkáníìkì_Ọ̀gbà:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Iṣẹ́ mọ́tò ni mò ń ṣe láti 1998, ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un.

Nípa Sienna yẹn. Taya iwájú ló ń fà á, gíà ẹ̀ á sì wà lórí P, ìyẹn ibi ìdúró, ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi ní lè tì í lásán. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá rí jáàkì méjì tó ní taya lábẹ́, irú èyí tí à ń lò ní wọ́kíṣọ́ọ̀pù, ẹ fi gbé taya iwájú méjèèjì kúrò nílẹ̀, tí kò bá ti fi bíréèkì ìdúró sí i, ọkùnrin márùn-ún á tì í kúrò lẹ́nu gẹ́ètì láàárín mínítì mẹ́wàá, kò sì ní í bà jẹ́ níbì kankan. Ibi tí irin bọ́dì ti nípọn ni kí ẹ gbé jáàkì sí, kì í ṣe abẹ́ ẹ́ńjìnì. CDA tó bá lówó díẹ̀ yẹ kó ra méjì sílẹ̀ sọ́dọ̀ ọlọ́dẹ. Ọ̀ràn ikú àti ìyè nìkan ni kí wọ́n máa fi ṣe o, kí èèyàn máa tì mọ́tò kiri láìsí ìdí, ìjà nìyẹn.

Nípa mọ́tò tó ti kú. Wọ́n máa ń bú àwa mẹkáníìkì lórí ẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n jàre. Àmọ́ ẹ gbọ́. Ọ̀gá kan gbé mọ́tò wá sọ́dọ̀ mi, gíà ti lọ. Mo sọ iye tó máa ná an. Ó ní òun ń bọ̀. Ọdún kẹta rèé. Nọ́ńbà ẹ̀ ò lọ mọ́. Mi ò lè tà á, kì í ṣe tèmi. Mi ò lè tú u, wọ́n á ní mo jí ẹ̀yà ara ẹ̀. Wọ́kíṣọ́ọ̀pù mi ò gbà ju mọ́tò mẹ́fà lọ, tí oníbàárà tuntun bá dé, èyí tó ti kú náà láá jáde sójú títì. Ó ti wá di pé kí n tó gba mọ́tò tí gíà tàbí ẹ́ńjìnì ẹ̀ lọ báyìí, ẹni náà á kọ̀wé sílẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà aya tàbí àbúrò ẹ̀, pé tí oṣù mẹ́ta bá kọjá kó wá gbé ẹrù ẹ̀. Látìgbà yẹn, ọ̀kan péré ló tíì sá lọ.

Nọ́ọ̀sì_Ìkòròdú:
Ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n. Mọ́tò tó ti kú yẹn ló kàn mí jù. Ẹ wo inú búùtù ẹ̀ tó ti là sílẹ̀, ẹ wo taya tí wọ́n yọ jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ wo ibi tí bàtìrì wà tẹ́lẹ̀. Tójò bá rọ̀, omi á dúró níbẹ̀. Láti ẹyin dé ẹ̀fọn tó lè fò, ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá péré ni. Gbogbo wa ń ra nẹ́ẹ̀tì, à ń fín oògùn sínú yàrá, ilé ẹ̀fọn sì ń bẹ níwájú wíńdò.

Ìkejì, àwọn ọmọdé. Mo ti tọ́jú ọmọ ọdún mẹ́fà kan tó sáré jáde láàárín mọ́tò méjì tí wọ́n páàkì, bọ́ọ̀lù ló ń lé. Ọlọ́kadà ò rí i, ọmọ náà ò rí ọ̀kadà. Itan ẹ̀ ló ṣẹ́. Bàbá ẹ̀ ń sunkún pé òun fọwọ́ ara òun kìlọ̀ fún un kó má kúrò níwájú ilé, iwájú ilé náà ló sì wà. Ọmọ kì í ga ju bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ máa rántí.

Ìyá_Ìbejì_Agége:
Tèmi ti àdúgbò ìjọsìn ni. Ṣọ́ọ̀ṣì kan wà lọ́tùn-ún wa, mọ́ṣáláṣí wà níkọ̀rọ̀. Èmi Mùsùlùmí ni mí, mò ń lọ Jímọ́ọ̀ níbẹ̀, nítorí náà kì í ṣe pé mo fẹ́ bú ẹnikẹ́ni. Láàárín aago kan sí méjì àbọ̀ ọ̀sán ọjọ́ Jímọ́ọ̀, kò sí ẹni tó lè jáde. Ọjọ́ Sọ́ńdè látàárọ̀ títí di aago kan, kò sí ẹni tó lè wọlé. Ní Sátidé, mọ́tò àwọn tó wá sí ọ̀kan nínú àwọn ilé tí wọ́n ti ń ṣe páátì á gba ojú títì wa. Mo ń ta omi inú ike àti omi inú ọ̀rá, táńkà omi tó ń gbé omi fún mi ti kọ̀ láti wá ní ọjọ́ mẹ́ta yẹn. PSP tó ń kó ilẹ̀, tó bá bọ́ sí Sátidé, wọ́n á fọn hóònù fún ìgbà díẹ̀ ní kọ̀nà, wọ́n á sì pa dà, ilẹ̀ á wà níbẹ̀ di ọ̀sẹ̀ kejì tí á máa rùn.

Ohun tó ràn wá lọ́wọ́ díẹ̀ ni èyí. Ẹ mọ̀ pé níbi òde àríyá, ẹni tó mú maìkì láá ké pé "ẹni tó ni Corolla dúdú, nọ́ńbà báyìí báyìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bọ́ síta". A lọ bá bàbá imaamu, a lọ bá pásítọ̀, a ní kí wọ́n fi irú ẹ̀ sí tiwọn. Àwọn méjèèjì gbà. A fún wọn ní nọ́ńbà ẹnì kan ládùúgbò, tẹ́ni náà bá ti pè, ọkùnrin tó wọ ẹ̀wù tó ń tàn, tó ń darí mọ́tò níta, láá lọ mú ẹni tó ni mọ́tò wá, tó bá tiẹ̀ wà lórí ìkúnlẹ̀. Pásítọ̀ wá sọ ọ́ lórí pẹpẹ pé ẹni tó bá dí aládùúgbò mọ́lé, àdúrà tó wá gbà ò tíì bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ wá lára, àwa Mùsùlùmí tá a gbọ́ náà ń sọ ọ́ fún ara wa.

Ọmọ_Mọ́kọ́lá:
Ìbàdàn náà kò yàtọ̀. Mo fẹ́ fi kún un pé nígbà tí ìmọ́tótó ọjọ́ Sátidé ìparí oṣù ṣì wà gidi, aago méje sí mẹ́wàá àárọ̀, kò sí mọ́tò tí kì í kúrò lórí gọ́tà, nítorí gbogbo ilé ló ń gbá iwájú ẹ̀. Ní Èkó tiyín, láti 2016 tí wọ́n ti dá ìséde ẹ̀ dúró, ẹ wo abẹ́ mọ́tò tó bá ti pẹ́ lójú kan, ẹrẹ̀ inú gọ́tà ti di òkè. Òjò kan péré, omi á wọ yàrá.

Bọ̀dé_Peckham:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ gbogbo ilé. Àǹtí Àbíkẹ́, ẹ kú ewu.

Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà, ó ti lé lógún ọdún, wọn ò kúkú kọ́ àyè mọ́tò mọ́ ilé níbí náà, ilé ayé Ọbabìnrin Fitóríà ló pọ̀, ojú títì ni gbogbo wa ń páàkì sí. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ojú títì ní olówó. Mo ń sanwó fún káńsù lọ́dọọdún kí n tó lè dúró sójú títì tèmi gan-an, àlejò tó bá wá kí mi, mo gbọ́dọ̀ ra ìwé fún un. Ibi tí wọ́n bá ti rẹ etí títì sílẹ̀ kí mọ́tò lè wọ ilé, ẹni tó bá dúró síbẹ̀ á gba tíkẹ́ẹ̀tì, tó bá tètè san án láàárín ọjọ́ 14, ìdajì ló máa san. Láti 1974 ni òfin ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù pé èèyàn ò gbọ́dọ̀ gbé mọ́tò sórí ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà, àfi níbi tí wọ́n bá kọ ọ́ sí pé ó ṣe é ṣe.

Ẹ má rò pé ìwà wọn dáa ju tiwa lọ. Mo ti rí àgbàlagbà méjì tí wọ́n fẹ́ jà nítorí àyè kan ní Kérésì. Ẹni tó ń kọ tíkẹ́ẹ̀tì ló ń mú wọn ṣe dáadáa, ó ń kọjá lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Mo sọ èyí torí pé nígbà tí mo wálé ní 2022, èmi tí mi ò ní dúró sórí ìlà yẹ́lò láéláé ní Peckham, mo dí gẹ́ètì ìyá arúgbó kan ní Ìkẹjà fún wákàtí méjì. Mo ṣì ń rántí ojú ìyá yẹn nígbà tí mo jáde. Ó jókòó sórí àpótí níwájú mọ́tò mi, ó ń dúró.

Tóyìn_Lọ́yà:
Ẹ kú àárọ̀. Àǹtí béèrè ẹni tá a máa fẹjọ́ sùn, kò sì tíì sí ẹni tó dáhùn ẹ̀ gan-an.

Tó bá jẹ́ ọ̀ràn pàjáwìrì bíi ti màámi, 767 tàbí 112 ni kẹ́ ẹ pè ní Èkó, ọ̀fẹ́ ni, òru tàbí ọ̀sán. Ẹ pè é bẹ́ ẹ ṣì ń kan ilẹ̀kùn, ẹ má dúró dìgbà tó bá sú yín. LASTMA, àjọ tó ń darí ọkọ̀ lójú pópó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2000, títì ńlá ni iṣẹ́ wọn pọ̀ sí, ṣùgbọ́n òfin ìrìnnà ìpínlẹ̀ Èkó ti 2018 ti dá àjọ ọ̀tọ̀ sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ páàkì, LASPA lorúkọ ẹ̀. Ìwé tó ti ọ̀dọ̀ CDA wá, tí alága àti akọ̀wé buwọ́ lù, tí fọ́tò mọ́tò àti nọ́ńbà ẹ̀ wà nínú ẹ̀, ó wúwo ju kí ẹnì kan lọ kígbe lọ.

Tó bá jẹ́ aládùúgbò kan náà ló ń ṣe é lemọ́lemọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ má kọ́kọ́ sáré lọ sí kóòtù. A kì í ti kóòtù bọ̀ ṣọ̀rẹ́. Citizens' Mediation Centre wà lábẹ́ iléeṣẹ́ ìdájọ́ ìpínlẹ̀, wọn kì í gba kọ́bọ̀. Wọ́n á fìwé pe ẹnì kejì, ẹ jọ máa jókòó, ohun tẹ́ ẹ bá fẹnu kò sí, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì á buwọ́ lù ú. Mo ti mú ẹjọ́ gẹ́ètì mẹ́ta lọ síbẹ̀. Ọ̀kan ò yanjú, méjì yanjú.

Àbíkẹ́_Bàrígà:
Ẹ ṣé gan-an ni mà. Òótọ́ ni, a ò pe 767, kò wá sí wa lọ́kàn rárá. Ṣùgbọ́n mo tún rò ó pé ká ní wọ́n wá, ibo ni ambuláǹsì máa gbà? Volvo tí mo sọ yẹn dojú kọ bọ́ọ̀sì kan ní kọ̀nà wa, kẹ̀kẹ́ márúwá nìkan ló ń gba ibẹ̀ kọjá. Ìyẹn gan-an ló ń kó mi láyà sókè jù báyìí, ó ju Sienna lọ.

Ìpàdé àdúgbò ń bọ̀ ní Sátidé. Màá tẹ gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ jáde lórí ìwé, màá mú téèpù dání.

Ayálégbé_Múṣin:
Ẹ bá wa sọ fáwọn láńdílọ́ọ̀dù níbẹ̀ kí wọ́n má máa gba mọ́tò mẹ́fà sílé tó ní àyè méjì láìsọ fún ẹni tó fẹ́ gbalé. Kí wọ́n sọ ọ́ kó tó sanwó.

Àbíkẹ́_Bàrígà:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ṣèlérí pé màá padà wá sọ ibi tó já sí.

A ṣèpàdé. Mo wọn títì níwájú gbogbo wọn, mítà 5 àti díẹ̀ ni tiwa, kò tiẹ̀ tó ti bàbá. A gbà pé apá kan ṣoṣo ni mọ́tò á máa sùn sí. A gbà pé gbogbo mọ́tò tó bá sùn síta, nọ́ńbà fóònù méjì láá wà lára gíláàsì ẹ̀, ti ẹni tó ni ín àti ti ẹni tó mọ̀ ọ́n ládùúgbò. Ọlọ́dẹ máa ní ìwé kan tí gbogbo nọ́ńbà náà wà. A máa kun iwájú gẹ́ètì kọ̀ọ̀kan ní yẹ́lò, ilé kọ̀ọ̀kan ló máa ra ọ̀dà tiẹ̀. Láńdílọ́ọ̀dù méjì ò fara mọ́ ọn, wọ́n jáde kí ìpàdé tó parí.

Ẹ̀gbọ́n ẹni tó ni Sienna wà ní ìpàdé. Wọn ò sọ nǹkan kan níbẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, òun àti àbúrò ẹ̀ wá sílé wa. Ọ̀dọ́kùnrin yẹn dọ̀bálẹ̀ fún màámi, kò dìde títí wọ́n fi fọwọ́ kàn án léjìká. Ó ní nígbà tóun wá gbé mọ́tò láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, òun ò mọ nǹkan tó ṣẹlẹ̀ lóru, pé ẹ̀gbọ́n òun ló ṣẹ̀ṣẹ̀ délé látìpàdé tó sọ fóun. Mo wo ojú ẹ̀, mo gbà á gbọ́. Mi ò sọ fún un lọ́jọ́ yẹn, èmi náà jẹ̀bi ìyẹn, ojú ló ń tì mí, inú sì ń bí mi, ẹkún fẹ́ bọ́. Màámi ní kó jókòó, wọ́n ní ká fún un lómi.

Ọ̀rọ̀ Volvo ló kù. A wádìí ẹni tó ni ín. Ọkọ ìyá kan tó ń ta ẹ̀wà ní kọ̀nà ni, ọkọ náà kú ní 2020. Àwọn ọmọ ní kí ìyá náà tà á fún àwọn tó ń ra mọ́tò tó ti kú, kò gbà. Kì í ṣe pé ó ń ṣagídí. Ó ní ọkọ òun ló wà á dúró síbẹ̀, ọkọ òun náà ni ẹni ìkẹyìn tó jókòó sínú ẹ̀. Gbogbo wa dákẹ́. Alága ní àyè wà lẹ́yìn ilé òun tí òun kì í lò, kí wọ́n gbé e lọ síbẹ̀ títí ọkàn ìyá á fi balẹ̀ láti pinnu ohun tó máa fi ṣe, òun ò ní gbowó. Ìyá gbà. Ó ní ká jẹ́ kóun kọ́kọ́ mú tẹ̀súbà tó so mọ́ dígí iwájú.

Ìṣòro wa báyìí ni pé taya ẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti jẹrà, a ò mọ bó ṣe máa dé ọ̀hún.

Mẹkáníìkì_Ọ̀gbà:
Taya ẹ̀yìn ló ń ti Volvo àtijọ́ yẹn, kò le tó ti Sienna. Mo ní jáàkì méjì tó ní taya lábẹ́ àti taya àlòkù mẹ́rin tó máa gbé e dé ẹ̀yìn ilé. Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, aago méje àárọ̀ kí oòrùn tó mú, mi ò ní gbowó. Ẹ bá mi wá pákó tó nípọn mẹ́rin sílẹ̀, mọ́tò tó bá ti pẹ́ lójú kan, ilẹ̀ abẹ́ ẹ̀ máa ń rọ̀, tí jáàkì bá rì, ó lè ṣe ẹnì kan léṣe lọ́wọ́.

Àbíkẹ́_Bàrígà:
Ọlọ́run á san án fún yín ẹ̀gbọ́n. Ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀ lóòótọ́, gọ́tà ló ń jò sí i. Bọ̀dá mi ní òun máa wá pákó lọ́dọ̀ àwọn káfíńtà lọ́la. Àbúrò tó ni Sienna náà ti ní òun máa wá bá wa tì í.